Níbo Ni Ìdàrọ́ Ògijó Ń Lọ?

Wọ́n ti ilẹ̀kùn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì mọ́tò ní Ògijó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, wọ́n sì tún ṣí i. Ìjọba àpapọ̀ tó fi àgádágodo sẹ́nu géètì wọn lọ́dún 2025 náà ló tún bá wọn jókòó, tí àwọn ilé iṣẹ́ sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò tún ọ̀nà iṣẹ́ àwọn ṣe. Ẹni tó bá ń fọkàn bá ìròyìn lọ kò nílò kí a tún un sọ: ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 tí wọ́n gbà lọ yẹ̀ wò, òjé tí wọ́n bá lára nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá wọn ní ìwọ̀n tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, àti àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ayé. Kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé ní Òkè-Mosàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, tí a sì tún ń béèrè nísinsìnyí tí wọ́n ti ṣí i, kì í ṣe ti èéfín nìkan. Èéfín ni gbogbo ènìyàn rí, òun ni kámẹ́rà mú, òun náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń ṣèlérí lé lórí. A ń béèrè pé níbo ni ìdàrọ́ ń lọ? Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ òjé tó wúlò tán, tí ààrò sì tutù, ta ló ń kó èyí tó ṣẹ́kù, ibo ló ń kó o sí, ta sì ni ó fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ ló yẹ kó wà?

Ìdàrọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun létí Yorùbá. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà ìwáṣẹ̀ tó ń yọ́ irin fi òkìtì rẹ̀ sílẹ̀ sínú igbó káàkiri, àwọn ọmọ a sì máa gun orí rẹ̀ ṣeré. Ti òjé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn á fi àáké la bátìrì, wọn á da omi olóró inú rẹ̀ nù, wọn á kó àwọn àwo òjé inú rẹ̀ sínú iná. Èyí tó dára nínú rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun. Èyí tí kò dára yóò di òkúta dúdú jágajàga tí òjé ṣì wà nínú rẹ̀, yóò sì jókòó tì wá. Òjò á pa á, oòrùn á pa á, yóò di eruku, eruku yóò wọ ilé, ọmọ tó ń rá yóò fi ọwọ́ kó o sẹ́nu. Òjé kì í jẹrà, kì í pẹ̀dín bó ti wù kó pẹ́ tó. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè sọ pé kò léwu. Lọ́dún 2010, ní Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ lágbàlá ilé, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó lé ní 400 ló kú. A mọ ohun tí òjé ń ṣe. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ìwé ìròyìn yìí ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ìpínlẹ̀ tó ń fi bí ilé iṣẹ́ ṣe pọ̀ sí nínú rẹ̀ yangàn, láti Àgbárá dé Ọ̀tà, láti Ọ̀tà dé Ṣàgámù, gbọ́dọ̀ ní ètò kan tí aráàlú lè kà, èyí tí yóò sọ irú pàǹtí olóró tó ń jáde lọ́dọọdún, bó ti pọ̀ tó, ibi tó ń lọ lónìí, ibi tó yẹ kó máa lọ lọ́la, àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé láéláé. A ti sọ pé èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kó ṣáájú. Kí ìjọba ya àwòrán ìpínlẹ̀ yìí, kí wọ́n fi pupa kun gbogbo ibi tí ibùdó pàǹtí olóró kò gbọdọ̀ wà, kí wọ́n sì gbé e síta kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀ kankan. A kò tíì rí àwòrán náà. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, pé ìgbìmọ̀ ti wà, pé kí a ní sùúrù. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, sùúrù wo ló tún kù? Àwọn ìyá Ògijó ti ní sùúrù títí òjé fi dé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Ògijó nìkan ni, kó jáde sí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta níbí tàbí kó gba ọ̀nà Pánṣẹ́kẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kó dúró tì ṣọ́ọ̀bù àwọn rẹwáyà. Yóò rí ọmọ iṣẹ́ tó gbé bátìrì tó ti kú, tó ṣí ìdérí rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tó sì dorí rẹ̀ kodò sẹ́nu gọ́tà. Omi inú rẹ̀ á tú jáde, ojú kọnkéré níbi tó bá balẹ̀ sí á hó yàà bí ọṣẹ, á sì fi àmì funfun sílẹ̀. Ọmọ náà á fi omi ṣan ọwọ́, á nu ún mọ́ ṣòkòtò tí ihò ti dá sí káàkiri látàrí iṣẹ́ yìí kan náà, á sì gbé bátìrì tó ti fúyẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan de ẹni tó ń ra àlòkù. Kò sí ibi tí gọ́tà yẹn ń lọ bí kò ṣe odò Ògùn. Kì í ṣe ìkà ni ọmọ náà. Bí ó bá fẹ́ ṣe dáadáa gan-an, ibo ni yóò gbé e lọ? Ọ̀rọ̀ bátìrì ínfátà tí gbogbo wa ń rà báyìí nítorí iná mànàmáná tí kò sí ti ń bọ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ti abẹ́rẹ́ àti oògùn tó ti bàjẹ́ láwọn ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni ti omi aró àti kẹ́míkà táwọn aládìrẹ wa ń dà nù, tí a kì í fẹ́ dárúkọ nítorí pé àdìrẹ ni iyì wa.

Nítorí náà, kí ó yé àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ìjọba pé a kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí ibùdó pàǹtí olóró má ṣe wà. Ó gbọ́dọ̀ wà. Ìpínlẹ̀ tí kò ní ibùdó kan tó bófin mu ní ẹgbẹ̀rún ibùdó tí kò bófin mu, gọ́tà Láfẹ́nwá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìjà wa dá lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà yan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé agbẹ́kànga á gbẹ́ ẹ dé ibì kan, àpáta á dínà mọ́ ọn, owó á sì lé. Nígbà mìíràn, kànga rẹ gbẹ, ti aládùúgbò rẹ tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ kún dẹ́nu. Ohun tó fà á ni pé orí àpáta tó bí Olúmọ ni gbogbo wa ń gbé, omi kì í sì í tàn káàkiri nínú àpáta bí ó ti ń tàn nínú iyanrìn. Ojú ibi tí àpáta ti sán ló ń gbà, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán sọ ibi tí ọ̀nà náà yà sí. Bí oró bá wọ ojú sísán kan, kànga tó sún mọ́ ọn jù lọ lè má mọ̀, kó jẹ́ èyí tó wà ní àdúgbò kejì ni yóò gbà á. Tí a bá sì sọ̀ kalẹ̀ sí apá gúúsù, ní Ewékorò, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ló wà lábẹ́ ilẹ̀, òkúta tí omi bátìrì ń mú hó bí ó ti ń mú kọnkéré hó. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò àwọn tó mọ ilẹ̀, amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ le dáadáa, rọ́bà tó nípọn lórí amọ̀, páìpù tí yóò máa gba omi ìdọ̀tí jáde, àti kànga àyẹ̀wò yíká tí wọn yóò máa bu omi rẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ibùdó náà pa. Kò ṣeé fi katakata gbẹ́ ihò lọ́sẹ̀ méjì.

A ní àpẹẹrẹ nílé. Àkìtàn Saje kì í ṣe ibùdó pàǹtí olóró lórúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a kò mọ ibi tí a ó kó o sí ni a kó dà síbẹ̀, tí ilé sì ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wà láàárín ènìyàn. Kò tíì sú àwọn olùwádìí yunifásítì láti máa bu omi kànga àyíká ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Tí a bá tún fẹ́ gbé ohun tó burú ju ti Saje lọ kalẹ̀ lọ́nà kan náà, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Odò Ògùn náà ńkọ́? Omi tí wọ́n ń fà ní Àràkàngà fún ìlú yìí, inú rẹ̀ ló ti ń wá; omi tí wọ́n ń fọ̀ ní Ìjú fún àwọn ará Èkó, inú rẹ̀ náà ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀ nígbà òjò, tí odò á gun etí bèbè wọlé tọ àwọn tó ń gbé létí rẹ̀. Ìkún omi oṣù Keje ọdún 2018 tó gbé ènìyàn lọ ní ìgboro yìí kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Gbogbo ibi tí omi lè dé, kí wọ́n fi pupa kùn ún lórí àwòrán. A kò nílò onímọ̀ láti òkè òkun kó wá sọ ìyẹn fún wa.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó máa ń bí wa nínú jù lọ, ìyẹn gbólóhùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn púpọ̀: ilẹ̀ tó ṣófo. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Aké, ọmọ Òkè-Ọnà, ọmọ Gbágùrá, ọmọ Òwu, gbogbo wọn ló ní abúlé tí bàbá wọn ti jáde. Ó lè má ju ilé alámọ̀ mẹ́ta lọ níbẹ̀, igi obì díẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ kan àti sàréè babańlá lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá wakọ̀ kọjá lórí títì kò ní rí nǹkan kan àfi igbó. Ṣùgbọ́n ní Àjínde tàbí ní Iléyá, gbogbo ìdílé ni yóò padà síbẹ̀. Ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ibi tí òṣìṣẹ́ ń pè ní igbó náà ni ìrẹsì ọ̀fadà ti ń wá. Ní Ọdẹ́dá, ibẹ̀ ni gaàrí Abẹ́òkúta ti ń wá. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa bójú tó o fún aráàlú ni. Kò sọ pé kí wọ́n máa fi ojú awakọ̀ wo abúlé ẹni.

Òfin yẹn kan náà ló sì gba àwíjàre tí wọ́n máa ń sá sí lẹ́yìn kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí a bá béèrè ọ̀rọ̀ ní Òkè-Mosàn, wọn á ní ti Àbújá ni. Bí a bá béèrè ní Àbújá, wọn á ní ìpínlẹ̀ ló ni ilẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ló ṣòfin pàǹtí olóró, àti pé àjọ NESREA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2007 ló ń mú àwọn ìlànà náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ tó lè dúró sójú òfuurufú. Ta ló fún wọn ní ilẹ̀? Ta ló fọwọ́ sí àwòrán ilé? Ta ló jẹ́ kí ilé ìgbé àti ilé ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí wọ́n ti ń yọ́ òjé? Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo ìyẹn, kò sì sí bí a ṣe lè da ti Àbújá pọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn àgbà inú wa rántí Koko. Lọ́dún 1988, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Bendel, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù pàǹtí olóró láti Ítálì wá dà sí àgbàlá ẹnì kan tí wọ́n ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún lóṣooṣù. Ojú ti gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Kí ọdún náà tó parí, a ti ní òfin tó sọ kíkó pàǹtí olóró wọlé di ọ̀ràn ńlá, a sì ti dá àjọ àyíká àpapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí Ítálì wá kó ẹrù rẹ̀, ó sì kó o. Ẹ wo bí ìjọba ṣe lè yára tó bí ó bá jẹ́ pé àjèjì ló ṣe é. Èyí tí a ń ṣe fúnra wa ni kò rí ẹni bá kánjú.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ti tọ ọ̀nà yìí rí. Lọ́dún 1982, ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ní iyẹ̀pẹ̀ tí epo olóró PCB ti bà jẹ́, ó sì ń wá ibi tí yóò rì í mọ́. Warren County ni wọ́n yàn, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò rí jájẹ pọ̀ sí, tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìn. Àwọn aráàlú dùbúlẹ̀ sójú títì níwájú ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀. Àwọn tí ọlọ́pàá kó lé ní 500. Ìjọba borí, wọ́n rì í síbẹ̀. Nígbà tó yá, omi dá sínú rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2003 ìjọba kan náà ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 dọ́là láti hú u jáde, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́. Owó tí wọn kò fẹ́ fi bi aráàlú léèrè ni wọ́n fi fọ iyẹ̀pẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìjà Warren ni Amẹ́ríkà fi òfin kún òfin: kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi hàn pé òun ní ibi tí wọn yóò ti bójú tó pàǹtí olóró tí òun ń mú jáde fún 20 ọdún tó ń bọ̀, yálà nílé òun tàbí nípa àdéhùn pẹ̀lú ìpínlẹ̀ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó má retí owó àpapọ̀ fún fífọ ilẹ̀ tó ti bàjẹ́. Òfin náà kò kọ́ ibùdó kankan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fipá mú wọn ka iye pàǹtí wọn. Gómìnà kò lè sọ pé òun kò mọ iye pàǹtí tó wà nílé òun mọ́. Ohun tí àwa náà ń béèrè nìyẹn, kíkà, ohun tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe.

Àpẹẹrẹ tó wù wá jù ni ti Alberta ní Kánádà. Ìjọba ibẹ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán, wọ́n yọ ibi tí ilẹ̀ kò bá gbà á kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ìlú tó ṣẹ́kù pé èwo ló fẹ́. Ìlú tó bá ní òun kò fẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Swan Hills ní àwọn fẹ́ ẹ, wọ́n dìbò lọ́dún 1984, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún sì gbà. Ibùdó náà ṣí lọ́dún 1987. A kò ní bo èyí tó kù mọ́lẹ̀: lọ́dún 1996, oró tú jáde níbẹ̀, ìjọba sì ní kí àwọn ènìyàn ṣọ́ra fún jíjẹ ẹran ìgbẹ́ àyíká náà. Bí wọ́n bá gbà tán, ìṣọ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bi léèrè kí ó tó gbà, ó ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá yí padà. Ẹnu wo ni ará Ògijó ní?

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá sọ fún wa, ní tiwa, pé baálẹ̀ ti fọwọ́ sí i. A mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìfọwọ́sí baálẹ̀: obì, ọtí, àpò ìwé tó wú díẹ̀, àti fọ́tò tí gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá fẹ́ gbà láti bi ìlú kan, kí wọ́n bi àwọn obìnrin tó ń fa omi, kí wọ́n bi àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n bi àwọn ọmọ abúlé tó ń gbé ní ìgboro, kí ìbò náà sì jẹ́ ìbò gidi. Kí ìwé àyẹ̀wò ipa lórí àyíká, èyí tí òfin ti ń béèrè láti ọdún 1992, wà ní èdè Yorùbá lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó dìbò. Kí ilé iṣẹ́ tó ń mú pàǹtí wá san owó sí àpò kan tí ìjọba kò lè tọwọ́ bọ̀, èyí tí wọn yóò máa fi ṣọ́ ibẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ náà bá ti kó lọ. Wọn yóò kó lọ lọ́jọ́ kan. Ìdàrọ́ kò ní bá wọn lọ.

A gbọ́ àwọn tó ń sọ pé ìnira púpọ̀ yóò lé àwọn olókòwò lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Àwọn tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ń jìyà lọ́wọ́ àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń da ìdàrọ́ sí ẹ̀yìn ilé aládùúgbò kì í náwó tó ẹni tó ń kó tirẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ sá nítorí pé a béèrè ibi tí ẹrù rẹ̀ ń lọ, kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Kí a tó gbọ́ orúkọ ilẹ̀ kankan láti ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba, a fẹ́ rí àwòrán náà. Bó bá ti wà nínú dúrọ́ọ̀ kan ní Òkè-Mosàn, kí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, kí aráàlú fi ìka tọ́ka abúlé wọn lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n sọ pé kò sí, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tí yóò yà á àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀. A ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.